Kí Ẹyin Clownfish Tó Pa Nínú Ilé Yín

Ẹni tó bá ti sin ẹja àrọ̀ rí ní Ìkòròdú tàbí ní Ìbàdàn mọ̀ pé bí ọmọ àrọ̀ bá ti lo oúnjẹ inú àpò ikùn tó gbé wáyé tán, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, artemia, ẹ̀dá kékeré inú omi iyọ̀ tó jọ edé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú èèpo ni a máa ń bù fún un, yóò sì máa gbé e mì láìjanpata. Ìmọ̀ yẹn ni mo gbé dé ìdí clownfish, ẹja òkun olómi-ọsàn tó ní ìlà funfun mẹ́ta lára, nígbà tí takọtabo tí mo ń sìn nínú àpótí gíláàsì ní ilé mi ní Houston kọ́kọ́ yé ẹyin. Ìmọ̀ náà ló sì pa gbogbo ọmọ wọn àkọ́kọ́. Artemia kún inú omi, àwọn ọmọ ẹja ń lé e kiri, àmọ́ kò gba ẹnu wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, n kò rí ẹyọ kan ṣoṣo mú níbẹ̀.

Ẹnu ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ọmọ clownfish tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò gùn ju mìlímítà 3 sí 4 lọ, oúnjẹ tó sì gbé wá láti inú ẹyin kò lè gbé e ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ. Artemia tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mìlímítà. Ohun tí ẹnu kékeré yẹn lè gbà ni rotifer, ẹ̀dá inú omi iyọ̀ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.1 sí 0.3, tó sì ń rìn jẹ́jẹ́ débi tí ọmọ ẹja tí kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa fi lè bá a. Nítorí náà, bí takọtabo yín bá ti ń fọ ojú òkúta kan lemọ́lemọ́ bíi pé wọ́n fẹ́ yé ẹyin, ẹ má tíì dààmú nípa àpótí tí ẹ óò kó ọmọ sí. Rotifer ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sìn ín títí ọwọ́ yín yóò fi mọ́ ọn.

Korobá lítà 20 tó mọ́, tí ọṣẹ kò kàn rí, ti tó. Ẹ po iyọ̀ òkun mọ́ omi tí kò ní kiloríìnì, nǹkan bíi gíráàmù 20 sí 25 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, ẹ ti ọ̀pá rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́, kí afẹ́fẹ́ máa hó díẹ̀díẹ̀. Ewéko omi tín-ín-tìn-ín tí wọ́n ń pè ní Nannochloropsis, èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò tí a sì ń tọ́jú sínú fìríìjì, ni oúnjẹ rotifer. Ẹ bù ú títí omi yóò fi ṣe àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́. Bí omi bá ti mọ́ gaara, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Yíìsì tí a fi ń ṣe búrẹ́dì náà lè mú rotifer pọ̀, ó sì rọni lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rá omega-3 tí ọpọlọ àti ojú ọmọ ẹja nílò. Rotifer jọ àpò: ohun tí ẹ bá dì sínú rẹ̀ ni ọmọ ẹja yóò bá níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti pọ̀, ẹ lè máa sẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi omi tuntun dípò rẹ̀. Kí korobá jẹ́ méjì, kí wọ́n má sì wà lójú kan náà, nítorí pé rotifer máa ń kú run lóru ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀, òru yẹn sì sábà máa ń jẹ́ òru tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Bàbá ẹja ló ń ṣọ́ ẹyin. Yóò máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí i, yóò sì máa fi ẹnu ṣa èyí tó bá bàjẹ́ kúrò. Ẹyin tó jẹ́ olómi-ọsàn lọ́jọ́ kìíní yóò máa dúdú sí i, títí ojú àwọn ọmọ inú rẹ̀ yóò fi máa kọ mànà bíi fàdákà. Nínú omi tó wà ní nǹkan bíi 27°C, ọjọ́ 7 sí 10 ni wọ́n ń lò, alẹ́ ni wọ́n sì máa ń pa, láàárín wákàtí méjì tí iná bá ti kú. Àwọn kan máa ń fi tọ́ọ̀ṣì fa àwọn ọmọ jọ sójú kan, kí wọ́n tó fi ife bù wọ́n. Èmi fẹ́ràn kí a gbé òkúta tàbí àwo amọ̀ tí ẹyin lẹ̀ mọ́ lọ sínú àpótí ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí a fi omi àpótí òbí wọn kún un, kí a sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa hó gba ẹ̀gbẹ́ ẹyin kọjá bí lẹbẹ bàbá ti ń ṣe. Èyí ó wù kí ẹ yàn, ẹ má fi àwọ̀n kó wọn rárá.

Àpótí lítà 40 tó fún ọmọ. Ẹ fi páálí dúdú bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé bí iná bá ń ta yẹ̀rì lára gíláàsì, ibẹ̀ ni wọn yóò máa forí gbá títí agbára wọn yóò fi tán. Ẹ da ewéko omi díẹ̀ sí i, kí rotifer má baà pebi kú kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Kí rotifer tó 10 nínú mìlílítà kọ̀ọ̀kan: ẹ fi sírínjì fa mìlílítà kan, ẹ gbé e sójú iná, ẹ fi awò kà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá kéré, yóò rẹ àwọn ọmọ kí wọ́n tó yó. Bí ó bá pọ̀ jù, omi yóò bàjẹ́. Àsìkò yìí kò sí asẹ́ omi nínú àpótí, torí pé yóò fa ọmọ wọlé, nítorí náà ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín ni kí ẹ máa fi fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ sínú korobá funfun lójoojúmọ́, níbi tí ẹ ti lè rí ọmọ tó bá bá a lọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá omi náà tó, kí èyí tí ẹ óò fi dípò máa kán sí i tó-tó-tó, kí iyọ̀ àti ìgbóná rẹ̀ sì bá ti inú àpótí mu. Amóníà, májèlé tó ń ti inú ìdọ̀tí ẹja jáde tí a kò sì fojú rí, ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí a rò pé ebi ló pa.

Láti ọjọ́ kẹfà ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu artemia díẹ̀ mọ́ rotifer. Kí ó jẹ́ èyí tó yọ láàárọ̀ náà, nítorí pé bí ó bá ti pẹ́, ọ̀rá ara rẹ̀ yóò ti tán, kí ẹ sì ti ya èèpo ẹyin rẹ̀ sọ́tọ̀, torí pé èèpo kì í dà nínú ọmọ ẹja. Ikùn tó bá pọ́n bí epo fi hàn pé ó ti jẹ. Ẹ má dá rotifer dúró kí ọjọ́ mẹ́ta míì tó kọjá, nítorí pé àwọn tí kò tètè dàgbà ṣì wà láàárín wọn.

Láàárín ọjọ́ kẹjọ sí ìkẹrìnlá, àwọn ọmọ tó ń léfòó kiri yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ìsàlẹ̀, ìlà funfun yóò sì yọ lẹ́bàá orí wọn. Àwọn tí wọn kò jẹ ọ̀rá tó lè kú níbí lójijì, kódà bí ẹnì kan bá kàn forí ẹsẹ̀ kọ àpótí. Àwọn tó bá la á já ti bọ́. Ẹ lè fi asẹ́ kànrìnkàn sí omi wọn, kí ẹ sì máa fi oúnjẹ lílọ̀ kúnná kọ́ wọn.

Ẹni tí wàhálà rotifer bá kà láyà lè fi Banggai cardinalfish bẹ̀rẹ̀, torí pé inú ẹnu bàbá wọn ni àwọn ọmọ ẹja yẹn máa ń gbé títí wọn yóò fi tóbi tó láti jẹ artemia lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde. Blue tang ni kí ẹ má gbìyànjú: ọdún 2016 ni yàrá ìwádìí Yunifásítì Florida ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ ọ dàgbà láti inú ẹyin.

Bí àwọn clownfish yín bá tó tà, tí ẹni tó fẹ́ rà sì béèrè takọtabo, ẹ má wá abo kiri láàárín wọn, nítorí pé kò tíì sí. Ẹ fún un ní ọ̀kan tó tóbi àti ọ̀kan tó kéré. Èyí tó tóbi ni yóò di abo.