Ẹ̀tọ́ Orí Bátànì: Ta Ló Ni Ìbàdàndùn?

Ẹ tẹ́ adìrẹ ẹlẹ́kọ oníbátànì Ìbàdàndùn tí wọ́n fi ọwọ́ yà sílẹ̀, kí ẹ wo òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà lára rẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Òpó kan á sanra díẹ̀ ju èkejì lọ, ṣíbí tó wà láàárín wọn á sì wọ́ síbìkan. Lára èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, gbogbo òpó rí bákan náà láti etí aṣọ dé etí. Aláró ò rí kọ́bọ̀ gbà nínú owó èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ṣé òfin lè mú ẹni tó tẹ̀ ẹ́?

Òfin Nàìjíríà á kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹnì kan ti fi orúkọ bátànì náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ̀tọ́ orí bátànì túmọ̀ sí pé ẹni tó ni ín nìkan ló láṣẹ láti fi ìlà tàbí àwọ̀ yẹn ṣe ọjà, láti tà á tàbí kó o wọ̀lú. Inú Patents and Designs Act ti 1970 ló wà. Ọdún 5 ni ẹ̀tọ́ náà máa ń wà. Wọ́n lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, kó fi pé 15. Lẹ́yìn náà, ó di ti gbogbo ayé.

Ibi tó ti ń ká aláró lára ni pé bátànì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Bí aráàlú bá ti rí i níbikíbi kí ẹ tó kọ̀wé béèrè, kì í ṣe tuntun mọ́, àfi tó bá jẹ́ níbi ìpàtẹ tí ìjọba fọwọ́ sí, láàárín oṣù 6 ṣáájú. Obìnrin tó ya nǹkan tuntun lánàá, tó gbé e sí Instagram láàárọ̀ yìí kó lè rí oníbàárà, ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí pé ẹni tí kò bá pàtẹ ò ní tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forúkọ sílẹ̀ ná.

Ìbàdàndùn alára ńkọ́? 1929 ni wọ́n ṣí Mápó, bátànì yẹn sì ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Kò sí ẹni tó lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kò rú òfin bátànì. Bó bá purọ́ fún oníbàárà pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, òfin ààbò oníbàárà ti 2018 lè mú un. Ìyẹn nìkan ò tó lójú mi.

Ní 1993, ilé aṣòfin Britain ṣòfin fún Harris Tweed ti Scotland: aṣọ tí àwọn ará erékùṣù Outer Hebrides kò bá fi ọwọ́ hun nílé ara wọn, láti inú irun àgùntàn tí wọ́n pa láró tí wọ́n sì ran níbẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn. Orúkọ àti ọ̀nà iṣẹ́ ni wọ́n dáàbò bò, kì í ṣe bátànì, kò sì ní ọdún tó máa tán. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ fún adìrẹ. Kí ẹ̀rọ máa tẹ ohun tó bá wù ú, ṣùgbọ́n aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò fi ìko dì, tí wọn ò fi ẹ̀kọ yà, kí wọ́n má tà á fún wa ní adìrẹ.