Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Wá Òǹkọ̀wé Kiri Nínú Ìtàn Tó Kọ

Àṣà kan wà tí òǹkàwé fi ń tú iṣẹ́ òǹkọ̀wé wò kó lè mọ irú èèyàn tó jẹ́, ọ̀rọ̀ ọtí sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 20 ṣáájú ìbí Kristi, Horace, akéwì ará Róòmù, kọ ọ́ sínú ewì kan pé bí Homer, akéwì ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, kò ṣe dákẹ́ yíyin wáìnì fi hàn pé ọ̀mùtí lòun náà. Homer ti kú láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sẹ́ni tó bá a jẹun rí tó ṣì wà láyé, kò sì sí lẹ́tà tó fi sílẹ̀. Ewì nìkan ló wà, wáìnì kì í sì í jìnnà nínú rẹ̀: ó dùn bí oyin, kódà àwọ̀ wáìnì ni Homer fi ń júwe òkun.

Horace kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó lé ní 200 ọdún ṣáájú rẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gíríìkì. Ọ̀kan nínú wọn, Chamaeleon, kọ ìwé nípa Aeschylus, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé. Nítorí pé Aeschylus gbé àwọn tó ti mutí yó sórí ìtàgé, wọ́n ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe ló gbé wọ àwọn akọni rẹ̀ lọ́rùn, pé inú ọtí ló ti ń kọ eré. Mi ò dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé akéwì tó ti kú tipẹ́, tí kò sì rí àkọsílẹ̀ kankan dì mú, iṣẹ́ akéwì náà ni yóò tú wò. Èéfín ni ìwà, wọ́n sì gbà pé yóò rú jáde níbì kan ṣáá.

Àwọn akéwì ò gbà fún wọn. Catullus, akéwì ará Róòmù, fi ìbínú dá àwọn méjì tó ń fojú ewì ìfẹnukonu wò ó lóhùn pé akéwì ló yẹ kó mọ́ níwà, kò pọn dandan kí ewì rẹ̀ mọ́. Ovid, akéwì Róòmù mìíràn tí olú ọba Augustus lé lọ sí ìlú Tomis létí Òkun Dúdú ní ọdún 8 lẹ́yìn ìbí Kristi, tí ewì ìfẹ́ sì wà lára ohun tó kó bá a, kọ̀wé láti ibẹ̀ pé ìwà òun jìnnà sí orin òun. Ti Apuleius, òǹkọ̀wé kan tó ń fi èdè Látìn kọ̀wé, ló mú mi lọ́kàn jù. Ní nǹkan bí 158, nílùú Sabratha tó wà ní Líbíà òde òní, wọ́n pè é lẹ́jọ́ pé oògùn ló fi mú opó olówó kan, Pudentilla, tó fi fẹ́ ẹ. Kí adájọ́ lè mọ irú èèyàn tó jẹ́, àwọn tó pè é lẹ́jọ́ ka ewì rẹ̀ sókè ní kóòtù: ewì ìfẹ́, àti ewì kékeré kan tó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan pẹ̀lú ìyẹ̀fun ìfọyín. Ẹ rò ó wò, ìyẹ̀fun ìfọyín di ẹ̀rí! Apuleius ka ọ̀rọ̀ Catullus yẹn fún adájọ́, ó sì ṣàlàyé pé ẹnu ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde, nítorí náà ó yẹ kó mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí Shakespeare, òǹkọ̀wé eré ará Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ àṣà náà dọ̀tun, torí eré rẹ̀ pọ̀, àkọsílẹ̀ nípa òun fúnra rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ní 1790, Edmond Malone, ọ̀mọ̀wé tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ Shakespeare, wo bí ọ̀rọ̀ òfin ṣe ń jẹyọ nínú àwọn eré náà, ó ní ó ṣeé ṣe kí Shakespeare ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì lọ́yà kan. Ní 1859, Lord Campbell, adájọ́ àgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi odindi ìwé yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Nígbà tó di ọdún kejì, John Bucknill, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ, gbé ìwé tirẹ̀ jáde lórí ìmọ̀ ìṣègùn Shakespeare. Adájọ́ rí òfin, dókítà rí ìṣègùn. Ibí ni mo ti rí i pé àṣà náà fẹ́ bàjẹ́: iṣẹ́ ọwọ́ òǹkàwé ló ń darí ohun tó ń rí.

Caroline Spurgeon, ọ̀mọ̀wé lítíréṣọ̀, ló mú ìṣirò wọ̀ ọ́, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1935. Kò dúró lórí ohun tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń ṣe, torí ìtàn ló ń darí ìyẹn. Àfiwé ló ṣà jọ, ó pín wọn ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, ó sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Marlowe, ti Bacon àti ti àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ìgbà náà. Ìfiwéra yẹn ni mo gbóríyìn fún jù. Bí gbogbo ará ìgbà kan bá ń sọ̀rọ̀ ẹṣin, ẹṣin ò lè jẹ́ àṣírí ẹnì kan. Ó rí i pé nínú gbogbo eré ìdárayá, èyí tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko ni Shakespeare fẹ́ràn láti máa fi ṣe àfiwé. Ó tún rí i pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan àwọn tó ń fi ẹ̀tàn pọ́nni, ajá tó ń lá nǹkan àti ohun dídùn tó ń yọ́ a tún jọ wọlé, ó wá ní akéwì náà ò lè fara mọ́ ajá tó ń tọrọ jẹ nídìí tábìlì. Obìnrin yìí lọ sí Stratford, ìlú tí wọ́n bí Shakespeare sí, ó dúró lórí afárá Clopton, ó wo bí omi odò Avon ṣe ń sáré gba abẹ́ afárá kọjá, tó sì ń yí po padà síbi tó ti jáde. Omi tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an wà nínú àfiwé kan nínú ewì Shakespeare nípa Lucrece.

Ní 1942, ọ̀mọ̀wé mìíràn, Lillian Hornstein, ta ko ọ̀nà yìí. Ó ní ọ̀pọ̀ àfiwé ló ti wà nínú òwe àti nínú ìwé àwọn tó ṣáájú, èèyàn sì lè lo ọ̀rọ̀ tí kò fojú ara rẹ̀ rí. Òótọ́ ló sọ. Freud, dókítà tó ń wádìí ohun tó fara sin sínú ọkàn èèyàn, ti kan irú ògiri bẹ́ẹ̀ rí ní 1907. Wilhelm Jensen, òǹkọ̀wé ará Jámánì, kọ ìtàn ọkùnrin kan tí ìgbésẹ̀ ọmọbìnrin inú ère òkúta gbà lọ́kàn. Freud fura pé òǹkọ̀wé náà ní arábìnrin tí ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu, ó sì kọ lẹ́tà bi í. Jensen fèsì pé òun ò ní arábìnrin rí.

Síbẹ̀, Charles Dickens, òǹkọ̀wé ìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, ni kò jẹ́ kí n sọ pé asán ni gbogbo rẹ̀. Ní 1824, ọmọ ọdún 12 ni, bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n gbèsè, wọ́n sì fi í síṣẹ́ nílé iṣẹ́ pọ́líìṣì bàtà Warren ní Lọ́ńdọ́nù. Yóò fi bébà olóróró bo ẹnu ìkòkò, yóò fi bébà aláwọ̀ búlúù lé e, yóò fi okùn dè é, yóò rẹ́ etí bébà náà yíká kó lè gún. Bó ṣe dàgbà, kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá. Àmọ́ nínú ìtàn tó kọ ní 1840 sí 1841, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Slum ń ta ewì ìpolówó fún àwọn tó ń ṣe pọ́líìṣì, Warren sì ni orúkọ tó hun sínú èyí tó ń tà lọ́wọ́ lọ́wọ́. Ní 1854, Bounderby nínú ìtàn mìíràn ń fọ́nnu pé àwòrán ara ìgò pọ́líìṣì nìkan lòun ní nígbà tí ìyà ń jẹ òun. Nínú àwọn méjèèjì, ìtàn náà lè dúró dáadáa láìsí pọ́líìṣì.

Lẹ́yìn tí Dickens kú ní 1870 ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, John Forster, tẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ náà jáde. Òǹkàwé tó lajú dáadáa ní 1841 ì bá ti fura pé pọ́líìṣì Warren kan òǹkọ̀wé yìí níbì kan. Bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀ ni, tàbí ó kórìíra rẹ̀, ìtàn Slum ò sọ. Inú àkọsílẹ̀ tí Dickens fi sọ́wọ́ Forster ni ìyẹn wà.