Owó iná ọ̀sán àti ti alẹ́, ṣé ọgba ni lóòótọ́?

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, bí o bá ní kí ẹni tó ń ta omi dídì jẹ́ kí fírísà rẹ̀ sinmi láàárín aago méje sí mọ́kànlá alẹ́, èsì tí wàá gbọ́ ni pé: "Iye kan náà ni mítà ń yọ, ọ̀sán ni o, alẹ́ ni o. Kí ló wá kan aago?"

Òótọ́ ni apá kìíní. Bí iná tí a lò bá ṣe pọ̀ tó ni mítà ilé wa ń kà. Àwọn ará wa tó wà ní Faransé ló ń ròyìn iná olówó pọ́ọ́kú: wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ni, òru ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún un, mítà tiwọn sì mọ wákàtí. Ẹni tó bá torí ìyẹn ń fi òru lọṣọ ní Kétu, oorun rẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Apá kejì ni kì í ṣe òótọ́. Aago méje sí mọ́kànlá alẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa ń lo iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ọlọ́kọ̀ tó ra bọ́ọ̀sì márùn-ún kún ti tẹ́lẹ̀ nítorí èrò ọjọ́ ọjà nìkan. Láwọn ọjọ́ yòókù, wọ́n á wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè wọn kò ní sinmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ amúnáwá. Èyí tí wọ́n ṣí ní Maria-Gléta, lẹ́bàá Cotonou, ní 2019 lè pèsè mẹ́gáwáàtì (òṣùwọ̀n agbára iná) 127. Bí a bá ní láti kọ́ irú rẹ̀ mìíràn torí wákàtí mẹ́rin alẹ́, owó rẹ̀ á padà wọnú iye tí gbogbo wa ń san, títí kan ẹni tó ní gílóòbù kan ṣoṣo. Wáyà pàápàá ń jẹ tirẹ̀: bí iná tó ń gbà á kọjá bá di ìlọ́po méjì, èyí tó ń ṣòfò sínú ooru á di ìlọ́po mẹ́rin.

Lára fírísà tèmi ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bó bá ti di aago mẹ́jọ, fáànù á rọra máa yí débi pé ojú lè ka apá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fírísà á kùn hùn-ùn, á dákẹ́, á tún kùn. Ó fẹ́ gbéra, iná kò tó o. Níbi tó ti ń làkàkà yẹn ni mọ́tò rẹ̀ ti ń gbóná títí á fi jó, owó mọ́tò sì ju owó iná lọ fíìfíì.

Kí ẹnikẹ́ni má pa iná tí ọmọ fi ń kàwé o. Áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ afami àti fírísà ló lè dúró. Ẹ̀rù pé yìnyín á yọ́ ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo kó nǹkan kún fírísà tèmi dẹ́nu lọ́sàn-án, mo yọ ọ́ ní aago méje, n kò ṣí i. Nígbà tí mo tún un kì bọ iná ní mọ́kànlá, yìnyín ṣì le bí òkúta.