Igi Wílò Méjì Tó Jọra Lẹ́bàá Odò
Ẹ̀yin tí ẹ ra ilé tó kẹ́yìn sí odò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe ẹni tí yóò gé wílò yín lulẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá white willow ni tàbí crack willow. Àwọn méjèèjì wọ́pọ̀ létí omi, wọ́n sì jọra gan-an, àmọ́ ìtọ́jú wọn yàtọ̀.

Ẹ wo ewé. Ti white willow kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, irun wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi ṣẹ́dà sì bò ó, pàápàá lábẹ́. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, gbogbo orí igi náà á funfun. Ewé crack willow lè tó sẹ̀ǹtímítà 15, òkè rẹ̀ ń dán, kì í sì í nírun mọ́ tó bá dàgbà. Bí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ tẹ ẹ̀ka kékeré kan sẹ́yìn níbi tó ti so mọ́ èyí tó tóbi. Ti crack willow á dún kẹ́ẹ́, á ṣẹ́ mọ́ ìdí.

Ṣíṣẹ́ yìí gan-an ni kí ẹ fọkàn sí. Bí ìjì bá jà, ẹ̀ka ńlá lè já lulẹ̀, igi tó ti gbó tilẹ̀ lè là sí méjì. Èyí tó bá bọ́ sómi kì í kú: odò á gbé e lọ, á fìdí sọlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, á ta gbòǹgbò. Akọ nìkan ni crack willow tó wà ní New Zealand, kò sí abo tí yóò so, síbẹ̀ ẹ̀ka tó ń ṣẹ́ ti mú kó dí ọ̀pọ̀ odò níbẹ̀.

Nítorí náà, bó bá wà níbi táwọn ọmọ ń gbà kọjá, ẹ jẹ́ kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ máa gé orí rẹ̀ kúrú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà òtútù tí kò léwé. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ka náà jìnnà sómi. White willow ni mo máa ń bẹ àwọn onílé pé kí wọ́n dá sí. Irú rẹ̀ kan ni wọ́n fi ń ṣe igi tí wọ́n fi ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn méjèèjì tún máa ń gba ara wọn, ọmọ wọn á sì mú lára bàbá, á mú lára ìyá. Ẹ tọ́jú irú èyí bíi crack willow.

Ẹ má gbin ìkankan nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó wà lórí ilẹ̀ alámọ̀. Wọ́n máa ń fa omi inú ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ á sún kì, ògiri á sán. Kẹ́ ẹ sì tó gé ohunkóhun, ẹ bi káńsù: òfin dáàbò bo àwọn igi kan, ẹni tó bá gé e láìgbàṣẹ lè san owó ìtanràn.