Ẹ̀bi ọ̀gágun: bí ẹni tí kò yìnbọn ṣe ń jẹ́jọ́ ìwà ọ̀daràn ogun

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2016, adájọ́ mẹ́ta ní ICC, kóòtù àgbáyé tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn ogun ní ìlú Hague, dá Jean-Pierre Bemba, olórí ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ kan ní Kóńgò, lẹ́bi ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀ àti ìfipákó ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹ̀sùn náà kò sọ pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sọ pé ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń ṣe é, ó mọ̀, agbára láti dá wọn lẹ́kun wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lò ó bó ṣe yẹ. Irú ẹ̀bi yìí là ń pè ní ẹ̀bi ọ̀gágun, ìyẹn command responsibility tí ẹ máa ń gbọ́ nínú ìròyìn.

Bí àwọn àgbà bá ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, olùrànlọ́wọ́ ọ̀daràn ni wọ́n ń bá wí. Charles Taylor, ààrẹ Liberia nígbà kan, ni òwe yẹn bá mu. Calabar ló fi ṣe ibùgbé láti 2003 títí di 2006 tí wọ́n mú un ní Gamboru-Ngala, lẹ́bàá ẹnubodè Cameroon. Kóòtù àkànṣe fún Sierra Leone rán an lẹ́wọ̀n 50 ọdún ní 2012 nítorí pé ó ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF lọ́wọ́, ó sì bá wọn gbèrò ibi. Ẹ̀bi ọ̀gágun náà wà nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, àmọ́ ìyẹn kò mú un. Àwọn adájọ́ gbà pé àwọn olórí RUF ń gbọ́ tirẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀ kò tíì di ẹni tó ń darí wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni òfin ti bẹ̀rẹ̀. Abala 28 nínú ìwé òfin Rome, tó gbé kóòtù ICC dúró, tí Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà ní 2001, béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́. Àkọ́kọ́ ni pé kí àṣẹ olùjẹ́jọ́ múlẹ̀ lórí àwọn tó hùwà náà. Oyè kọ́ là ń wí. Ìràwọ̀ lè kún èjìká ẹnìkan kí ṣọ́jà kankan má dá a lóhùn, olórí ọlọ̀tẹ̀ tí ìjọba kankan kò fún ní ipò sì lè sọ̀rọ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun dìde. Nítorí náà, ohun tí àwọn adájọ́ máa ń wá ni ẹni tó ń rán wọn jáde, tó lè pè wọ́n padà, tó ń fìyà jẹ wọ́n, tó ń gbé wọn ga.

Ìkejì ni ìmọ̀. Ó mọ̀, tàbí pẹ̀lú bí nǹkan ṣe rí nígbà náà, ó yẹ kó mọ̀. Gbólóhùn kejì yìí ló ń dẹ́rù ba àwọn ológun, nítorí kò fàyè gba kí ọ̀gá di etí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè le jù pẹ̀lú. Ní 1945, kóòtù ológun Amẹ́ríkà ní Manila dájọ́ ikú fún Ọ̀gágun Tomoyuki Yamashita ti Jàpáánì, nítorí ìpakúpa tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa àwọn ará Philippines. Ó ní ogun ti gé ìbánisọ̀rọ̀ láàárín òun àtàwọn ọmọ ogun òun, òun kò gbọ́. Wọn ò dá a lóhùn. Adájọ́ méjì ní kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ta ko ìdájọ́ náà, síbẹ̀ wọ́n yẹgi fún un ní oṣù kejì 1946. Lójú tèmi, ẹjọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí ènìyàn sáà ti jẹ́ ọ̀gá, ó ti jẹ̀bi nìyẹn. Abala 28 kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta ni pé kò ṣe gbogbo ohun tó yẹ tó sì wà níkàáwọ́ rẹ̀ láti dá wọn dúró, láti fìyà jẹ wọ́n, tàbí láti fa ọ̀rọ̀ náà lé àwọn tó lè wádìí rẹ̀ lọ́wọ́. Èyí ló da ẹjọ́ Bemba rú.

Ní 2002, Ààrẹ Ange-Félix Patassé ti Central African Republic ké sí Bemba pé kó wá gba òun lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun François Bozizé, ọ̀gágun tó ń dìtẹ̀ sí i. Nǹkan bí 1,500 ọmọ ogun MLC, ẹgbẹ́ Bemba láti Kóńgò, sọdá odò Ubangi. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì ṣe fún àwọn ará ìlú burú débi pé 5,229 ènìyàn ni kóòtù gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀ràn náà bá. Bemba fúnra rẹ̀ wà ní Kóńgò ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó kàn ń yọjú sí wọn ni. Ìròyìn ìwà wọn dé etí rẹ̀, ó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, ó kọ̀wé, wọ́n sì bá ọmọ ogun mélòó kan ṣẹjọ́ nítorí olè kéékèèké. Àwọn adájọ́ àkọ́kọ́ ní ojú ayé lásán ni. Wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 18.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ICC fagi lé e, adájọ́ mẹ́ta sí méjì. Chile Eboe-Osuji, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ààrẹ kóòtù náà nígbà yẹn, wà lára àwọn mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn adájọ́ àkọ́kọ́ kò ro ìṣòro ọ̀gá tó wà lókèèrè, tí ọmọ ogun rẹ̀ ń jà lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí kò lè wádìí níbẹ̀ bó ṣe wù ú. Wọ́n tún ní púpọ̀ nínú ìwà tí wọ́n fi dá a lẹ́bi kò sí nínú ẹ̀sùn rárá. Kókó kejì yìí yé mi. Èyí àkọ́kọ́ ni mi ò lè gbé mì: ẹni tó lè kó 1,500 ènìyàn sọdá odò lè pè wọ́n padà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àwọn adájọ́ méjì yòókù, Sanji Monageng àti Piotr Hofmański, kò gbà pẹ̀lú ìdájọ́ náà. Bemba padà sílé, ó sì di mínísítà ètò ààbò ní Kóńgò ní 2023.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń mú ọ̀gágun nìyí o. Ratko Mladić, ọ̀gágun àwọn Serb ní Bosnia, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa ọkùnrin tó lé ní 7,000 ní Srebrenica níbẹ̀ ní oṣù keje 1995, gba ẹ̀wọ̀n gbére ní kóòtù àkànṣe fún Yugoslavia àtijọ́ nítorí pé òun gan-an wà nínú ìmọ̀ràn náà. Ẹni tó bá wọn pète, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bóyá ó mọ̀. Ṣọ́jà tó yìnbọn náà kò sì lọ lófo: “ọ̀gá ló rán mi” kì í gba ẹni tó pa ará ìlú lọ́wọ́ ẹjọ́.

Ní oṣù kẹfà 2024, ICC gbé ìwé àṣẹ ìfàṣẹmú jáde fún Sergei Shoigu, mínísítà ètò ààbò Rọ́ṣíà tẹ́lẹ̀, àti Valery Gerasimov, ọ̀gá àgbà ológun rẹ̀, nítorí àwọn ohun ìjà tí wọ́n jù lu ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Ukraine. Abala 28 wà nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀sùn pé wọ́n pàṣẹ. ICC kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀, kì í sì í dá ẹni tí kò sí níwájú rẹ̀ lẹ́bi. Belgium ló bá a mú Bemba ní 2008. Mladić sá pamọ́ fún ọdún 16 kí Serbia tó fà á kalẹ̀. Bí Shoigu àti Gerasimov bá dé Hague lọ́jọ́ kan, kò dájú pé ohun tí Bemba fi bọ́ yóò wúlò fún wọn: ilé iṣẹ́ ológun orílẹ̀-èdè tiwọn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń darí nígbà náà, kì í ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n yá ará ìlú kejì.