Irin tó nípọn nìkan kọ́ ló máa gbé tánkì yín dúró

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń kọ́lé ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ra irin ní ọjà Dei-Dei l'Abuja, ó dẹ̀ máa ń ká mi lára: "Ẹ fún mi ní èyí tó nípọn jù, kó má baà ṣẹ́." Wọ́n á ra irin tán, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ajórin, ẹlòmíì ló máa ya àwòrán, kálukú ń ṣe tiẹ̀, bíi pé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò kan ara wọn.

Pé irin lágbára, a ò jiyàn ìyẹn. Ojú wẹ́dìn ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká dúró sí, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tó ń já. Lọ́dún tó kọjá wọ́n pè mí sí ilé kan ní Lugbe, stand tánkì lítà 2,000 ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lítà omi kan, kílò kan ni, tọ́ọ̀nù méjì ló wà lókè yẹn ká má tíì ka tánkì fúnra ẹ̀. Ìyá onílé ń sọ ṣáá pé, "Ẹ wò ó, irin tó nípọn jù lọ́jà ni mo rà o." Òótọ́ ni wọ́n sọ, irin onígun (angle iron) yẹn ò tẹ̀ rárá. Àmọ́ nígbà tá a fa omi dànù tí mo fi òòlù kan ojú wẹ́dìn ẹsẹ̀ kan, ńṣe ló ṣí bí èèpá egbò. Orí irin ló jókòó sí, kò wọlé. Irin tó nípọn máa ń fa ooru lọ kíákíá, tẹ́ ẹ bá wá fi ẹ̀rọ kékeré jó o lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, tẹ́ ò gé etí ẹ̀ ní dagẹ̀rẹ̀ kí iná ráyè wọ̀, ẹ kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ni. Nínípọn tí wọ́n sanwó fún gan-an ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà ju agbára ẹ̀rọ ajórin lọ.

Ìrísí náà ńkọ́? Ẹ wo ọparun. Kílò irin kan náà, tẹ́ ẹ bá fi ṣe páìpù tí ara ẹ̀ ò fẹ́lẹ́ jù, kì í tètè tẹ̀ lábẹ́ ẹrù bí ọ̀pá tó dì.

Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sórí tánkì nìkan. Ní oṣù kìíní 1943, ọkọ̀ òkun agbépo Schenectady fẹ́rẹ̀ẹ́ là sí méjì ní èbúté Portland l'Amẹ́ríkà, nínú omi tó dákẹ́. Irin ò wọ́n níbẹ̀. Àmọ́ irú irin yẹn máa ń ṣẹ́ bí àwo tí òtútù bá mú un, wẹ́dìn ibì kan ò dáa, àti pé wẹ́dìn ló so gbogbo ara ọkọ̀ pọ̀, torí náà ibi tó là ò rí ohun tó máa dá a dúró, ká ní rivet, ìyẹn ìṣó tí wọ́n ń lù lórí kó lè di páànù mú, ni wọ́n fi kàn án, ó ṣeé ṣe kó dúró létí páànù kan.

Mi ò sọ pé irin tó nípọn ò dáa o, ìgbà míì òun gan-an lẹ nílò. Àmọ́ lójú tèmi, ó yẹ kẹ́ ẹ ti bi ajórin léèrè irú ẹ̀rọ tó ní kẹ́ ẹ tó lọ sanwó irin. Ẹ dẹ̀ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo abẹ́ tánkì yín lónìí. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà ìpẹtà tó gùn gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wẹ́dìn, ó lè jẹ́ ọ̀dà lásán ló là, àmọ́ ẹ má tíì pọnmi sí i, kí ọmọdé má dẹ̀ ṣeré lábẹ́ ẹ̀, títí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa fi wò ó.