Kí ni wọ́n ń pè ní sáà ìkẹyìn nígbà tí ẹgbẹ́ kò kú?

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2008, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Seattle SuperSonics, tí wọ́n ń pè ní Sonics, na Dallas Mavericks ní 99 sí 95 ní gbọ̀ngàn KeyArena. Bí ìdíje náà ṣe ń lọ sópin, èrò tó kún inú gbọ̀ngàn ń pariwo pé kí wọ́n gba Sonics àwọn là. Kevin Durant, agbábọ́ọ̀lù Sonics tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 péré, na apá méjèèjì sókè sí wọn, ó ń ṣẹ́wọ́ pé kí ariwo náà máa lọ.

Ìgbà tí Sonics gbá bọ́ọ̀lù nílé kẹ́yìn nìyẹn. Ìwé ìtàn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ń pe 2007 sí 2008 ní sáà ìkẹyìn wọn, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń rú èèyàn lójú, torí pé ẹnikẹ́ni kò tú ẹgbẹ́ náà ká. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Durant àti ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ gbá a ní Seattle tún jáde, àmọ́ ìlú mìíràn ni, orúkọ mìíràn ni: Oklahoma City Thunder. Kí ló wá parí gan-an?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí a mọ̀. Nínú líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa, ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa tó ní ìpele ìsàlẹ̀ lè gòkè, èyí tó bá ṣe burúkú yóò já wálẹ̀. NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà tí Sonics wà, kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Ààyè 30 ló wà níbẹ̀, bí ìsọ̀ ọjà tí wọ́n ti kà, tí wọ́n sì ti pín tán. Ẹni tó bá ra ẹgbẹ́, ẹ̀tọ́ sí ọ̀kan nínú ìsọ̀ wọ̀nyẹn gan-an ló rà. Ẹ̀tọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní franchise. Ó ṣeé tà, ó sì ṣeé gbé kúrò nílùú kan lọ sí òmíràn, bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ni ẹgbẹ́ yòókù bá ti dìbò fún un. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kò ní ìbò kankan níbẹ̀, bó ti wù kí ó pẹ́ tó tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Seattle nìyẹn. Ní 2006, Howard Schultz, ọ̀gá ilé iṣẹ́ kọfí Starbucks, ta ẹgbẹ́ náà fún Clay Bennett àtàwọn oníṣòwò Oklahoma ní mílíọ̀nù 350 dọ́là. Àwọn tó rà á fẹ́ kí owó ìlú kọ́ gbọ̀ngàn tuntun fún wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí Seattle wà, kò sì gbà. Oklahoma City ní tiẹ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn: nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní 2005, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Hornets ti gbá ọ̀pọ̀ ìdíje ilé wọn fún sáà méjì, èrò sì ń wọ́ tọ̀ wọ́n. Ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 2008 ni wọ́n dìbò. Ẹni 28 gbà, méjì péré ló kọ̀: Mark Cuban ti Dallas, àti Paul Allen ti Portland, tí í ṣe ọmọ bíbí Seattle.

Lórí pápá, sáà náà korò. Àwọn ìràwọ̀ wọn méjì ti lọ: wọ́n ti fi Ray Allen ṣe pàṣípààrọ̀ sí Boston, Rashard Lewis ti lọ sí Orlando. Ìdíje 20 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 62, èyí tó burú jù nínú ìtàn wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ tó gba ife ní 1979 ni o, ẹgbẹ́ tó gbá Houston ti Hakeem Olajuwon wa yọ ní mẹ́rin sí òdo ní 1996. Ní ìdíje tó kẹ́yìn pátápátá, ní ilé Golden State, Durant nìkan gba 42 wọlé, wọ́n sì borí ní 126 sí 121.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé. Ayálégbé ni ẹgbẹ́ náà ní KeyArena, àdéhùn wọn kò sì tíì pé títí di 2010. Ìlú Seattle pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje, wọ́n parí rẹ̀: ẹgbẹ́ yóò san mílíọ̀nù 45 dọ́là, wọn yóò máa lọ, ṣùgbọ́n orúkọ Sonics àti àwọ̀ ewé òun wúrà yóò dúró de ẹgbẹ́ mìíràn tó bá wá sí Seattle.

Ibí yìí ni ìtumọ̀ sáà ìkẹyìn wà. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Lakers kó kúrò ní Minneapolis, ìlú tí adágún odò yí ká, wọ́n gbé orúkọ adágún náà dé Los Angeles. Jazz gbé orúkọ orin New Orleans lọ sí Utah. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé Lakers parí ní 1960. Ti Seattle parí nítorí pé ìsọ̀ lọ, orúkọ dúró. Lójú tèmi, ìlú náà jà fún ohun tó tọ́ láti jà fún, torí orúkọ yẹn ni àwọn èèyàn ti ń kọ́ ọmọ wọn láti 1967.

Ní oṣù kẹwàá 2018, Durant padà wá sí KeyArena pẹ̀lú Golden State, fún ìdíje ìmúrasílẹ̀ kan pẹ̀lú Sacramento. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ẹ̀wù Sonics ti Shawn Kemp, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà látijọ́, ló wọ̀ jáde.